Ta Ló Lè Gbẹ́sẹ̀ Lé Ilẹ̀ àti Owó Yín?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, katakata wọ oko àwọn àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà tó lọ láti Adó-Èkìtì sí Ìjàn. Wọ́n hú ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì da ilẹ̀ rú. Ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣe ló fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà gba lọ́yà. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Adó, ilé ẹjọ́ sì sọ pé ọ̀nà tí ìjọba gbà gba ilẹ̀ náà kò bófin mu, nítorí wọn ò fi tó àwọn olóhun létí bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ìjọba yí padà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí sì ṣí pápákọ̀ Adó ní oṣù kẹwàá ọdún 2022.

Bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ta ayò, ìhà méjì ni wọn ó pín sí. Àwọn kan á ní ẹ ò rí i pé ilé ẹjọ́ lè dá gómìnà lọ́wọ́ kọ́. Àwọn yòókù á ní pápákọ̀ ṣáà dúró síbẹ̀, kí ni ilé ẹjọ́ wá ṣe? Ìhà méjèèjì jàre. Òfin Nàìjíríà kò sọ pé a ò lè gba ohun ìní ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mú ìwé dání, ìwé náà gbọ́dọ̀ dé etí olóhun, kí olóhun sì ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Ìjọba ní ìwé tirẹ̀, báńkì ní tirẹ̀, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ní tirẹ̀, ẹni tí a jẹ lówó náà ní tirẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé wọ̀nyí, tó sì jẹ́ kí ẹ̀rí tirẹ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ni nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà pé kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ní. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ni, jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹbí tó ti ń dáko tàbí tó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó dé, òfin kà wọ́n sí ẹni tí a ti fún ní ẹ̀tọ́ náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá ẹbí yín ní Ìyìn tàbí ní Àfàò tó ní, "Ẹ ò ní C of O, ẹ ò ní nǹkan kan," irọ́ ló pa.

Ohun tí ẹbí náà nílò ni ẹ̀rí pé tiwọn ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹni, ìwé, iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí ilẹ̀ náà láìsí ẹni tó yẹ̀ wá lọ́wọ́ wò, pípẹ́ tí a ti ń lò ó, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú márààrún tó, bó bá ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èkìtì gbára lé jù ni ti àkọ́kọ́, òun náà sì ni ikú tètè ń gbà lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbà tó mọ ibi tí odò pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ àwọn aládùúgbò kú, ìtàn sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó, kí wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pe sọ́fíyọ̀ tó níwèé àṣẹ kó wọn ilẹ̀ náà.

Gómìnà lè fagi lé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni bí ire gbogbo ìlú bá béèrè fún un. Ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, pápákọ̀, ibi ìwakùsà, gbogbo rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó tún lè fagi lé e bí ẹni tó gba C of O bá rú àdéhùn inú rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbà á lọ́wọ́ Táyé kó fi ta Kẹ́hìndé lọ́rẹ. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé bí ìjọba bá ní ìlú nílò ilẹ̀ kan, tí ilẹ̀ náà wá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni fún èrè ara rẹ̀, ìfagilé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣíjú kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ilé ìwé ni àwọn fẹ́ kọ́, tí ẹ wá rí i pé ilé ìtura ẹnì kan ló ń yọ lókè, ọ̀rọ̀ ti di ti lọ́yà.

Ìwé ìfilọ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ìjọba ti ń kọsẹ̀ jù. Apá 28 nínú òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ tí gómìnà yàn fọwọ́ sí ìwé ìfagilé, kí a sì fi tó olóhun létí. Apá 44 sọ bí a ó ṣe fi tó o létí. Kí a fi lé e lọ́wọ́. Tàbí kí a fi sílẹ̀ ní ilé tó ń gbé tàbí ilé tí a mọ̀ ọ́n mọ́ gbẹ̀yìn. Tàbí kí a fi í sí lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá wá a tì pátápátá, kí a lẹ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i lórí ilẹ̀ náà. Ìkéde orí rédíò nìkan kò tó. Òfin ìfilọ̀ yìí ni àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìjàn dì mú.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi. Ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìwòròkò láti ogún ọdún sẹ́yìn. Àdírẹ́sì tó wà lórí rìsíìtì rẹ̀ ni ilé tó háyà ní Sùúrùlérè nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Bí ìjọba bá fi ìwé sí ilé àtijọ́ yẹn, tàbí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi lórí ilẹ̀ tí koríko ti bò, òfin lè sọ pé wọ́n ti fi tó o létí. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan nílé ní ìwé agbára láti ṣojú rẹ̀, tí lọ́yà kọ, kó fi àdírẹ́sì tuntun sí fáìlì ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, kó sì máa jẹ́ kí wọ́n ro ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣòroó mọ olówó rẹ̀.

Owó gbà-má-bínú

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní apá 44, ní kò sí ẹni tí a lè fi ipá gba ohun ìní rẹ̀ láìsan owó gbà-má-bínú ní kánmọ́kánmọ́, láìsì jẹ́ kó ráyè dé ilé ẹjọ́. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ló ń sọ bí a ṣe ń ṣírò owó náà, ìṣirò ọ̀hún sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí olóhun san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á ni wọn ó dá padà. Iye tí ilẹ̀ náà ń tà lọ́jà kò kàn wọ́n. Ìwọ̀nba náírà ni èyí máa ń jẹ́, ẹni tí kò sì san owó ilẹ̀ kankan fún ìjọba rí, ẹ fojú inú wò ó. Ti ilé sàn díẹ̀: iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀ lónìí, kí a yọ iye tí ogbó ti jẹ lára rẹ̀, kí a fi èlé lé e bí ìsanwó bá pẹ́. Ti irúgbìn, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé igi kọ̀ọ̀kan ni. Ní kúkúrú, ohun tí ọwọ́ yín ṣe sórí ilẹ̀ ni òfin ń san owó rẹ̀. Èmi ò rò pé èyí tọ́ fún ìlú tí kòkó ti rán ọmọ lọ sí yunifásítì, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ogún ọmọ tí a ò tíì bí. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn, òun la ó sì fi ṣiṣẹ́ títí wọn ó fi tún un ṣe.

Nítorí náà, ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá ka igi ni ọjọ́ owó. Ẹ má ṣe rán ọmọdé. Ẹ ya fọ́tò oko kí katakata tó dé, kí déètì hàn lára rẹ̀. Ẹ ya igi kòkó tó ti ń so sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, nítorí owó wọn kò dọ́gba. Ẹ kà á pẹ̀lú wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí oko bá tóbi, ó yẹ kí ẹ gba akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀. Owó rẹ̀ kì í tó ohun tí àìsí rẹ̀ ń báni jẹ. Ẹni tí owó náà kò bá tẹ́ lọ́rùn, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní kó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ó tún ní kí ilé ẹjọ́ má gbọ́ ẹjọ́ lórí iye owó. Àwọn lọ́yà ń fi apá 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ko ó lójú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ pọ̀ yí Adó ká, títí dé Ìkẹ́rẹ́, Ìgèdè àti Ìlawẹ̀. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí, owó irúgbìn jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Owó ilẹ̀ ni ti onílẹ̀. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí kì í ṣe kékeré, nítorí olórí ẹbí ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ó sì lè gba owó gbogbo kó di, "Ṣebí ilẹ̀ wa ni." Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ máa san án lẹ́nu lásán. Kó gba ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ bébà kékeré tí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí.

Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ báyìí ní ewu tirẹ̀. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí ìjọba ti gbà láti ayé Ìpínlẹ̀ Òǹdó àtijọ́, kí a tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996, tí kò sí ohun kankan lórí wọn títí dòní. Ọmọ onílẹ̀ á tà á, ẹni tó rà á á kọ́lé sí i, àmì X pupa á sì yọ lára ògiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba, nítorí ilẹ̀ ìjọba ló kọ́lé sí. Kí ẹ tó sanwó, kí sọ́fíyọ̀ yín mú ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n gbé e lé máàpù wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí a kọ́ láìgba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tàbí tó wọ ojú ọ̀nà: wọ́n lè wó o láìsan kọ́bọ̀. Ẹ sì rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí ìwé títà. Bí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bó bá dá a tà láìsí àwọn yòókù, wọ́n lè fà á ya.

Gbèsè

Láyé àtijọ́, ẹni tí a jẹ lówó a máa rán ológò sí onígbèsè. Ológò á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí, títí ojú á fi ti ará ilé tí wọ́n á wá owó. Bélífù ilé ẹjọ́ ló wà nípò ológò lónìí, ìyàtọ̀ tó sì wà níbẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ dání, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí tí a sì ti dá onígbèsè lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni bá dé láìsí ìwé yìí tó fẹ́ gbé fíríìjì yín, olè ni. Ọlọ́pàá pàápàá kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gedegbe pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín ẹni méjì.

Bélífù kò sì lè kó gbogbo nǹkan. Aṣọ ọrùn, ibùsùn àti ohun èlò iṣẹ́ onígbèsè, òfin yọ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó fi sí i ni náírà mẹ́wàá! Láti ayé ọjọ́un ni wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ télọ̀ tí náírà mẹ́wàá lè rà mọ́. Ohun tó ṣì wúlò nínú òfin náà ni ètò tó là sílẹ̀: ohun tó ṣeé gbé ni wọn ó kọ́kọ́ tà. Bí kò bá tó ni ẹni tí a jẹ lówó lè padà lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kó gba òun láyè láti ta ilé tàbí ilẹ̀. Àyè wà láàárín méjèèjì fún onígbèsè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé òun ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá sá lọ Ìbàdàn dípò kó lọ sílé ẹjọ́ ló ń pàdánù àyè yìí.

Ilẹ̀ ẹbí kì í bá gbèsè ẹnì kan lọ. Bí àbúrò yín bá yá owó, ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ kì í ṣe ti rẹ̀ nìkan, ẹni tí a jẹ lówó ò sì lè tà á, àfi bí ẹbí bá jọ fi dúró. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ilé wọn lọ ni ọ̀rọ̀ onídùúró. Wọ́n á ní, "Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i ni," tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì á sì fọwọ́ sí i nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Onídùúró jẹ gbèsè náà bí ẹni tó yá a ṣe jẹ ẹ́.

Kì í ṣe gbèsè nìkan ló ń gba ilé lọ́wọ́ ẹni. Àwọn opó ń kọ́? Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èyí ló ń fún àwọn àna kan láyà láti tilẹ̀kùn mọ́ opó kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Bí tọkọtaya bá jọ fi owó ra ilẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì àti sọ́fè. Ìyá tó fi owó gààrí rẹ̀ ra bíríkì láìní ìwé kankan á rí i pé ẹ̀rí òun ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú.

Owó báńkì

Ní oṣù kẹfà 2016, EFCC ti àkáǹtì Gómìnà Fáyóṣe pa ní Zenith Bank. Fáyóṣe gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Adájọ́ Taiwo Taiwo ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì náà, nítorí a kò gbọ́ tẹnu olóhun kí a tó tì í. Ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn tí wọ́n pè é sí lẹ́yìn náà gùn gan-an, ó sì di 2025 kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Fáyóṣe àti ẹni tó kórìíra rẹ̀ lè rí ohun kan mú nínú ọ̀rọ̀ yìí: òfin tó dá EFCC sílẹ̀, ní apá 34, ní kí wọ́n gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó ti àkáǹtì. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ fún GTBank náà nínú ẹjọ́ Adedamola pé báńkì kò gbọdọ̀ ti àkáǹtì oníbàárà lórí lẹ́tà EFCC lásán. Bí wọ́n bá ti tiyín pa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi báńkì ni: "Ilé ẹjọ́ wo ló pàṣẹ, ní ọjọ́ wo?" Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀.

Bí àṣẹ bá wà, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Fún owó tí wọ́n bá fura sí pé jìbìtì ni, ilé ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní àṣẹ fún ìgbà díẹ̀, á sì ní kí wọ́n gbé e sí ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè wá sọ ọ́, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí kò bá yọjú, ìjọba àpapọ̀ ló ni owó náà títí láé, bí wọn ò tilẹ̀ dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ̀rí ibi tí owó ti wá ló ń gbani níbẹ̀: rìsíìtì ọjà, ìwé owó oṣù, ìwé ilẹ̀ tí a tà. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé gíga EKSU àti Póòlì, ẹ má ṣe yá ọ̀rẹ́ yín ní àkáǹtì kó fi gba owó. Orúkọ yín ni ilé ẹjọ́ máa kà sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ ni pé báńkì lè gba gbèsè lára àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, GSI ni orúkọ rẹ̀, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, sì ni wọ́n fi ń mọ gbogbo àkáǹtì ènìyàn. Ẹni tó yá owó lọ́dọ̀ báńkì kan tó wá kó owó oṣù rẹ̀ lọ sí báńkì kejì kò tíì sá. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń yá owó ló fún wọn láyè. Owó tí ẹ yá àti èlé rẹ̀ ni wọ́n lè mú. Bí wọ́n bá fi owó ìtanràn kún un, ẹ bá wọn jà.

Báńkì fúnra rẹ̀ lè kú. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Oṣù kan ṣáájú ìgbà náà ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó oníbàárà báńkì, gbé owó ìdáàbòbò sókè, láti 500,000 náírà dé mílíọ̀nù 5 fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú báńkì ńlá, àti láti 200,000 dé mílíọ̀nù 2 nínú báńkì kéékèèké tí a ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju iye yìí lọ gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní jù bẹ́ẹ̀ ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta ohun ìní báńkì kó tó rí ìyókù gbà. Iye yìí jẹ́ ti ẹnì kan nínú báńkì kan. Kéèyàn ní àkáǹtì mẹ́ta nínú báńkì kan ṣoṣo kò sọ ọ́ di mílíọ̀nù 15. Ẹni tó bá ta ilé tí owó ńlá wọlé fún un, kó pín in sí báńkì méjì mẹ́ta. Àwọn báńkì kéékèèké ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí ní 2023 nìkan, 132 nínú wọn ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

NDIC kò mọ alájọ. Bí alájọ bá fẹsẹ̀ fẹ, kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò san án. Mi ò ní kí ẹ má dá àjọ; ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba kò lè máa tò ní báńkì lójoojúmọ́ nítorí 500 náírà. Kó kàn má jẹ́ kí owó rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ alájọ ju oṣù kan lọ. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sàn jù ú lọ, nítorí a ń yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Owó inú ilé náà kò bọ́. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari pààrọ̀ àwọ̀ náírà, ó ti ẹnubodè pa, owó tí kò dé báńkì lásìkò sì di bébà nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nígbà tí wọ́n tún ń pààrọ̀ náírà, kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná.

Ó ku owó tí olóhun gbàgbé. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún 10, ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù keje 2024 ní kí báńkì kó o lọ sí àpò kan lọ́dọ̀ òun. Ó wà níbẹ̀ lórúkọ olóhun, kò sì ní ọjọ́ tí àyè láti gbà á padà ń parí. Báńkì tí ẹ ṣí i sí lẹ ó lọ bá. Bí olóhun bá ti kú, orúkọ tó kọ sí àyè ìbátan nínú fọ́ọ̀mù báńkì kò fún ẹni yẹn ní owó náà. Ìwé àṣẹ ìpíngún láti ilé ẹjọ́ gíga ni báńkì máa béèrè. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kún Adó, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní ìwé báńkì àtijọ́ nínú àpótí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti fọwọ́ síwèé fúnra wọn.